Ohùn Irin: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ rélùwéè tí ara rẹ̀ dá, bí a bá fi òòlù kàn án, á ró gooro bí agogo, ohùn náà á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlẹ̀. Èyí tó bá ti sán, tàbí tí táyà, òrùka irin tó yí i ká, ti fẹ́ tú lára rẹ̀, á dún gbì, ó tán. Ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì yìí ni ọ̀gá mi fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Kò tíì fún mi ní sípánà, kò tíì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Òòlù kékeré kan tí èèkù rẹ̀ gùn ló kó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun láti ìdí wágúnù àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, kí n máa kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n sì pa ẹnu mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni mò ń wí, ní ọgbà iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, lẹ́ka tí wọ́n ti ń tún kọ́ọ̀ṣì èrò àti wágúnù ẹrù ṣe. Gáàdì ọkọ̀ ni bàbá mi, ẹni tó ń bá ọkọ̀ rìn nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn, òun ló sì mú mi lọ síbẹ̀. Kò fẹ́ kí n ṣe gáàdì bíi tòun. Ó ní gáàdì kì í sùn nílé, pé àná Jẹ́bà, òní Ọ̀fà, ọ̀la kò sẹ́ni tó mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló fẹ́ kí n kọ́, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó fà mí lé ọ̀gá náà lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù, ó ní, “Ọmọ yín rèé. Ẹ bá mi kọ́ ọ, ẹ bá mi tọ́ ọ.” Ọ̀gá náà dá a lóhùn pé, “Bàbá, bó bá ń gbọ́ràn, á gbọ́ irin.” N kò mọ ohun tó ń sọ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá mọ ọgbà yẹn nígbà tó ń gbóná á mọ̀ pé odidi ìlú ni. Lóko wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ilé àwọn alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, ilé àwọn tó ń yọ́ irin, ilé káfíńtà tí wọ́n ti ń gé pákó fún fèrèsé àti àga kọ́ọ̀ṣì, ilé ọlọ́dà, ilé àwọn tó ń rán ìjókòó. Ní ìta, ilé ìwòsàn rélùwéè, pápá bọ́ọ̀lù, àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń pè ní kọ́ḿpáàǹdì. Kí fèrè àárọ̀ tó dún ni àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì ti tẹ́ igbá kalẹ̀ lẹ́nu géètì. Wọ́n mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọ́n mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì mọ ẹni tí àwìn rẹ̀ á di ìparí oṣù. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ rélùwéè, ó yẹ ká máa dárúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló rìn nítorí pé wọ́n fún fítà kan lóúnjẹ láwìn.

Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin náà ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ọ̀ṣogbo àti Ọ̀fà kọjá, ó wọ Ìlọrin ní 1908, nígbà tó sì di 1912 wọ́n ti so iléeṣẹ́ rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ ti Báró sí Kano, wọ́n di ọ̀kan. Fífẹ̀ ojú irin náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, ìyẹn mílímítà 1067. Enugu àti Zaria náà ní ọgbà àtúnṣe, ṣùgbọ́n ti Èbúté Mẹ́ta ni èmi mọ̀, òun náà ni mo sì lè jẹ́rìí sí.

Kí a tó lè rí ẹsẹ̀ kọ́ọ̀ṣì tún ṣe, a ní láti kọ́kọ́ gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì kì í jókòó sórí ẹsẹ̀ tààrà. Orí bógì ló ń jókòó lé, ìyẹn férémù irin tó so ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin mọ́ra, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kéréènì tó ń rìn lókè lábẹ́ àjà ló ń gbé e. Wọ́n á fi ṣéènì mú un ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, awakọ̀ kéréènì á rọra fà á títí ṣéènì á fi nà tán, wọ́n á dúró, fóómàn á yí i ká, á wò ó bóyá ó dọ́gba, kí wọ́n tó gbé e kúrò nílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà bá wà lókè, ẹnì kan ṣoṣo ló láṣẹ láti fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀ kéréènì. Ọ̀gá yòówù tó bá wà níbẹ̀, kó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Àfi bí ewu bá yọjú. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni ló lè kígbe pé “Dúró!”, ìbáà jẹ́ ọmọṣẹ́ tó wọlé lánàá, gbogbo nǹkan á sì dúró.

Èyí ṣe mí ní kàyéfì gan-an. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í ké mọ́ àgbà, kì í sì í dá àgbà dúró lẹ́nu ohun tó ń ṣe. Àmọ́ lábẹ́ kéréènì, wọ́n á bá ọ wí bí o bá rí ewu tí o dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Mo rí ọmọ kékeré kan tó dá àwọn àgbà ọkùnrin dúró lọ́jọ́ kan nítorí pé ó rí ìkọ́ ṣéènì kan tí kò wọlé dáadáa. Fóómàn lọ wò ó, ó padà wá, ó na ọwọ́, ó bọ ọmọ náà lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ọ̀wọ̀ tó lè pa ènìyàn kì í ṣe ọ̀wọ̀, mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ tèmi.

Tí ara ọkọ̀ bá ti kúrò, tí a sì ti tú bógì, ẹsẹ̀ ló kù. Ibẹ̀ ni inú mi ti máa ń dùn jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹsẹ̀ rélùwéè kàn rí róbótó bẹ́ẹ̀ ni, pé ètè tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀, tí a ń pè ní fúlánjì, ló ń dì í mú kó má bàa já bọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo mọ́tò. Bó bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì ní láti rin ọ̀nà tó gùn ju ti ọ̀tún lọ, mọ́tò sì ní ohun èlò tó ń jẹ́ kí ọ̀kan yí ju èkejì lọ. Rélùwéè kò ní i. Ẹsẹ̀ méjèèjì di pinpin mọ́ ọ̀pá irin kan náà, áàsù, bí ọ̀kan bá yí ẹ̀ẹ̀kan, èkejì á yí ẹ̀ẹ̀kan. Báwo ló ṣe wá ń gba kọ́nà?

Ojú ẹsẹ̀ náà ló ń ṣe é. Kò tẹ́jú. Ó tóbi níhà inú, lápá ibi tí fúlánjì wà, ó sì ń kéré lọ díẹ̀díẹ̀ síta, ìwọ̀n ẹyọ kan nínú 20. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, ara rẹ̀ á sún síta díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà níta á wá máa fi ibi tó tóbi lára rẹ̀ tẹ irin, ti inú á máa fi ibi tó kéré tẹ̀ ẹ́. Èyí tó tóbi á rin jìnnà, èyí tó kéré á rin díẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye ìgbà kan náà ni wọ́n yí. Ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ yà, kò sẹ́ni tó di síárìn mú. Fúlánjì wà níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ ni. Ọjọ́ tí ọ̀gá mi fi ṣọ́ọ̀kì ya èyí sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánà, ẹ̀rọ tó ń fá irin, mo wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó wà níwájú mi, n kò lè gbójú kúrò. Mo ti wọ rélùwéè láti kékeré, mo ti sùn nínú rẹ̀ lọ sí Òkúkù àìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó mi.

Nítorí ìyẹn ni ẹsẹ̀ tó bá ti jẹ fi léwu. Bó bá ti rìn pẹ́, ojú rẹ̀ á jin kòtò, bó ṣe ń kéré lọ síta á sọnù, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Tàbí kí bíréèkì di ẹsẹ̀ pa lójijì, kí ó máa fà lórí irin láìyí, ibi kan á tẹ́ pẹrẹsẹ lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sórí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n: gbà-gbà-gbà-gbà, láti Agége títí dé Ìbàdàn. Ìlù yẹn kò dára fún ojú irin, kò dára fún áàsù.

Ẹ̀rọ tánà ni ìwòsàn rẹ̀. Ti ẹsẹ̀ rélùwéè tóbi ju èyí tí a ń rí lọ́dọ̀ tánà ìgboro lọ dáadáa. Àpapọ̀ ẹsẹ̀ méjì àti áàsù wọn ni wọ́n ń gbé sáàárín rẹ̀, á máa yí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀bẹ irin méjì á sì máa fá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ara irin á máa ṣí bọ́ ní ọ̀já gígùn tó ń ká kòrókòró, á ń rú èéfín, àwọ̀ rẹ̀ á yí sí pọ́nrán, á yí sí aró, kó tó já sílẹ̀. Àṣìṣe ọmọṣẹ́ tuntun ni kó fẹ́ fi ọwọ́ mú un. Ó ń jó, ó sì mú ju abẹ lọ. Òórùn irin gbígbóná pẹ̀lú omi ọlọ́ràá tí wọ́n fi ń tù ú, bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi lónìí, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀.

Òfin kan wà tí ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá jẹ tí èkejì lórí áàsù kan náà kò jẹ, méjèèjì ni a ó fá, a ó sì fá wọn títí ìwọ̀n wọn á fi ṣe déédéé. Ó máa ń dun àwọn tó ń ṣírò owó, torí irin tó ṣì dára là ń fá dànù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì tí ìwọ̀n wọn kò bára mu lórí áàsù kan á máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí láé, fúlánjì á máa ha irin, ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá fá a tán, ọ̀gá mi á gbé páńda, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé sí àwòrán ojú ẹsẹ̀, lé e, á tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbi tí kò yẹ, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é, ìgbà mìíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Mo ti dárúkọ táyà. Nínú rélùwéè àtijọ́, táyà náà wà, irin ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní àárín, ó ní òrùka irin líle tó yí i ká, òrùka yìí ló ń kan ojú irin. Bí a bá ti fá a títí ó fi fẹ́lẹ́, òrùka nìkan là ń pààrọ̀, àárín á ṣì wúlò. Báwo ni a ṣe ń wọ̀ ọ́? Wọ́n á gbẹ́ inú òrùka náà kó kéré ju àárín ẹsẹ̀ lọ, kí ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máà hàn sójú, nǹkan bíi ẹyọ kan nínú 1000. Bó bá tutù, kò sí bó ṣe lè wọlé. Wọ́n á wá fi iná yí i ká, á gbóná, á fẹ̀. Kì í pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n bí o bá tutọ́ sí i lára, itọ́ náà á fò. Wọ́n á sọ àárín ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú kéréènì, á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí kíkàn, láìsí títì. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi í sílẹ̀. Bó ti ń tutù ló ń há, títí á fi di mú débi pé ẹrù wágúnù kò lè yẹ̀ ẹ́. Kò sí bóòtù kan tó dì í mú níbẹ̀. Bí a bá sì sáré wọ̀ ọ́ nígbà tí iná kò tíì kárí, yóò há ní ìdajì, kò ní wọlé, kò ní jáde. Mo rí i tó ṣẹlẹ̀, iná wẹ́dà ló padà gé e, gbogbo làálàá ọjọ́ náà ṣòfò.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ọgbà náà, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ wọn díẹ̀. Nínú wọn, àwọn kan wà tí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn ti ń rọ ọkọ́ àti àdá nílé. Ọmọ Ògún ni wọ́n kí òyìnbó tó gbé òòlù ńlá tí ooru omi gbígbóná ń gbé lu irin wá. Irú òòlù yẹn, bó bá balẹ̀, ilẹ̀ tí o dúró lé á mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè mú kó fẹnu kan ẹyin. Mo gbọ́ táwọn kan ń sọ pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa ní iṣẹ́ irin. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ wa. Ẹni tó ń wo àwọ̀ iná tó sì mọ̀ pé àsìkò tó láti fa irin yọ, ìmọ̀ yẹn ti wà lára rẹ̀ láti ilé.

Ohun tó máa ń dẹ́rù bà wá jù lára wágúnù ni àpótí áàsù. Orí áàsù kọ̀ọ̀kan jókòó sínú àpótí irin kan, nínú rẹ̀ ni bíárìn idẹ wà, wọ́n fi irin funfun kan tó rọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ìdì òwú tó ti mu epo ló wà níbẹ̀, bí áàsù ti ń yí ló ń fi ara nu òwú náà, tó ń gbé epo gòkè. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa epo, kò sí ohunkóhun. Òwú àti epo nìkan ló wà láàárín ẹrù ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù àti iná. Bí òwú bá gbẹ, tàbí iyanrìn bá wọ inú rẹ̀, á gbóná, irin funfun á yọ́, idẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ áàsù lára. Bí kò bá sí ẹni tó kíyè sí i, orí áàsù á gé, ọkọ̀ á sì ṣubú.

Nígbàkígbà tí ọkọ̀ ẹrù bá wọlé, a ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni o, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Bó bá gbóná jù, ẹ̀yìn ọwọ́ lo máa fà padà, àtẹ́lẹwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ á ṣì wà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ̀ tó gbé símẹ́ńtì wọ yáàdì, ọ̀gá mi wà ní ìdí bẹ́ǹṣì, ó gbé orí sókè, ó ní, “Ọ̀kan ń jó.” Èmi kò rí nǹkan kan. Ó jáde, ó ń fi imú wá a, ó kọjá wágúnù bíi mélòó kan, ó dúró. Ìdérí àpótí kan ti já lójú ọ̀nà, eruku símẹ́ńtì ti kún inú rẹ̀, òwú ti le bí òkúta. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára wágúnù náà pé kò gbọdọ̀ jáde, ó sì fọwọ́ sí i. Ohun tí ìfọwọ́sí yẹn túmọ̀ sí fún wa ni pé kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ láìjẹ́ pé ó bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Ẹnì kan wá láti ọ́fíìsì, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹrù ti pẹ́. Ọ̀gá mi fún un ní òòlù, ó ní kó lọ kàn án fúnra rẹ̀. Wágúnù náà kò jáde lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bíréèkì ọkọ̀ wa nígbà náà, afẹ́fẹ́ ni, tàbí kí n sọ pé àìsí afẹ́fẹ́. Páìpù kan ló gba ìdí gbogbo ọkọ̀ kọjá láti ẹ́ńjìnnì dé ọkọ̀ gáàdì. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù yìí, ó ń fà á títí òṣùwọ̀n á fi dé ínǹṣì 21, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí bíréèkì ṣí. Bí dírẹ́bà bá fẹ́ dúró, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ ló ń ti bíréèkì mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: bí ọkọ̀ bá já sí méjì, bí páìpù bá bẹ́, afẹ́fẹ́ á fúnra rẹ̀ wọlé, gbogbo ọkọ̀ á di bíréèkì láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan. Bàbá mi tó jẹ́ gáàdì ní géèjì kan nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn tó ń wò. Ìgbà tí mo wá mọ iṣẹ́ yìí ni mo tó mọ̀ pé èmi àti bàbá mi ń ṣọ́ páìpù kan náà, òun lójú ọ̀nà, èmi ní ṣọ́ọ̀bù. A máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lálẹ́. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló là wá lẹ́nu.

Ní ẹ̀ka tánà, àwọn àgbà kan ṣì wà nígbà náà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ní 1945. Orúkọ Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Rélùwéè ni òun náà ti kọ́ṣẹ́: 1929 ló wọlé bí ọmọṣẹ́ tánà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1941, òun ló ṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́ láti ọgbà iṣẹ́, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé gómìnà l’Ékòó nítorí ọ̀rọ̀ owó oṣù. Lẹ́yìn náà ìjọba lé e kúrò l’Ékòó, ó wà ní Auchi títí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1945, ọdún tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní oṣù kan tí rélùwéè fi dúró. Owó àfikún nítorí ọ̀wọ́ngógó ni wọ́n ń béèrè, ìgbìmọ̀ Tudor Davies tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà sì padà dábàá pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó náà. Imoudu gbé ayé títí di 2005, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Wọ́n máa ń béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni iná yẹn ti ràn. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló fà á. Ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n wo ohun tí kò nípọn ju irun orí lọ, láàárọ̀ lálẹ́, tí ọ̀gá ń bá wí bó bá ṣì í, á mọ ìgbà tí wọ́n bá rẹ́ òun náà jẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn.

Ẹ́ńjìnnì oníná èédú ṣì kù ní Lóko nígbà tí mo wọlé. Àwọn tí a ń pè ní Ríbà ló gbajúmọ̀ jù, orúkọ odò ilẹ̀ wa ni wọ́n sọ wọ́n, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ wọ́n wá ní 1948. N kò ṣiṣẹ́ lórí wọn, àwọn oníbọ́ílà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú àgbá irin ńlá tí omi ti ń hó, ló ni wọ́n, a kàn ń bá wọn tún ẹsẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé bí wọ́n ti ń wọ inú bọ́ílà tútù lọ láti ẹnu ihò tóóró, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, láti lọ ha ìpẹ́pẹ́ tí omi fi sílẹ̀. Ohùn orin wọn á máa jáde látinú irin.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, n kò fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀. Tírélà gba ẹrù. Owó àtúnṣe gbẹ. Ẹ̀rọ tó nílò ohun kékeré kan dúró, wọ́n yọ ara rẹ̀ fi tún òmíràn ṣe, ìyẹn náà dúró. Àwọn ọmọṣẹ́ tuntun kò wọlé mọ́, àwọn àgbà ń fẹ̀yìn tì, ohun tó wà lára ọwọ́ wọn ń bá wọn lọ sílé. Èyí ló dùn mí jù. Irin tó dógùn-ún ṣeé fá. Etí tó mọ ohùn ẹsẹ̀ ọkọ̀, bó bá ti wọlẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ní 2021, ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kìlómítà 157, ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, mílímítà 1435. Àlàgómèjì ni ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson wà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ gan-an. Mo wọ̀ ọ́. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo dúró sí ìdúró ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí òṣìṣẹ́ kan fi bi mí pé, “Bàbá, ṣé nǹkan yín já bọ́ ni?” Mo ní rárá, mo ń kí wọn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúró tì mí, mo sì sọ fún un ohun tí mo ń wò. Àpótí òwú àti epo kò sí mọ́, bíárìn oníyípo ló rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tì wọlé ni bíréèkì ń lò báyìí, dípò èyí tí à ń fà jáde, ṣùgbọ́n bí páìpù bá já, ọkọ̀ á ṣì dúró fúnra rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ náà sì ṣì ń kéré lọ síta. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ̀lú mi.

Ní 2019 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ibi tí wọ́n á ti máa to wágúnù pọ̀ lélẹ̀ ní Kájọlà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo fẹ́ kí irú ibẹ̀ pọ̀. Mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tí wọ́n bá gbà síbẹ̀ ní ẹni tó máa fi òòlù lé wọn lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà lè wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ju bí a ti ń fi páńda àti tọ́ọ̀ṣì wọ̀n ọ́n lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà náà ní láti mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ nípa irin, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jókòó sókè bó bá fojú fò ó.

Ilé Jaekel wà ní Èbúté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ tún ṣe, tí àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀. Àmọ́ ohun èlò tó wà nínú àpótí dígí kò lè sọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Nítorí náà ni èmi àti díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara wa sílẹ̀ lórí fóònù, ní Yorùbá, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. A ti gba ti fífá ẹsẹ̀, a ti gba ti wíwọ táyà. Ẹnì kan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń di òwú sínú àpótí áàsù, ó ń fi aṣọ ìnura àti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lórí tábìlì oúnjẹ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló di fóònù mú. Ti bọ́ílà la ò tíì gbà. Àwọn tó ṣe é láàárín wa ti ń dín kù, àwọn kan ò ríran dáadáa mọ́, ọ̀kan ti padà sí Ìkirun, òmíràn wà ní Ọ̀fà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀fà la ó kọ́kọ́ lọ.